“Positive” Tó Wà Nínú Ìwé Èsì Ibi Ọmọ: Kí Ló Ń Sọ Gan-an?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ń gbé, ọmọ ọdún 31 ni mí, mo sì ti bí ọmọ kan. Oyún mi kejì bàjẹ́ nígbà tó pé oṣù mẹ́ta. Wọ́n fa ohun tó wà nínú ilé ọmọ jáde, wọ́n sì ní kí ọkọ mi gbé e lọ sí lábù. Nígbà tí èsì dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ‘complete hydatidiform mole, PLAP positive, p57 negative’. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tún ní ALP mi ga díẹ̀. Àǹtí mi kan tó ti ṣiṣẹ́ rí nílé ìwòsàn ní PLAP yẹn, ohun tí jẹjẹrẹ ń pèsè ni, pé nígbà tó ti jẹ́ positive, kí n tètè lọ gba kẹ́mò. Ìyá ọkọ mi ní torí pé a kò sin ibi ọmọ náà ni. Dókítà ní kí n máa wá ṣe àyẹ̀wò hCG lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ ara mi ti yá, ẹ̀jẹ̀ ti dá, owó sì ń lọ. Ṣé jẹjẹrẹ ni mo ní? Ṣé dandan ni àyẹ̀wò yìí? Ìgbà wo ni mo tún lè lóyún?”

Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Ọlọ́run á fi èyí tí yóò dúró rọ́pò. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi, àmọ́ ẹ̀rù kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló sì dá a sílẹ̀. Nínú àyẹ̀wò tí gbogbo wa mọ̀, irú bíi ti ibà tàbí ti HIV, “positive” túmọ̀ sí pé àìsàn wà lára, “negative” sì túmọ̀ sí pé kò sí. Tí èèyàn bá mú òye yẹn wọ inú ìwé èsì ẹran ara, ọ̀rọ̀ á dojú dé. PLAP positive tó ń bà yín lẹ́rù kò sọ ju pé ẹran ibi ọmọ ni wọ́n yẹ̀ wò. p57 negative tó dà bí ìròyìn ayọ̀, òun gan-an ló fìdí orúkọ àìsàn náà múlẹ̀: complete hydatidiform mole, ìyẹn oyún mólà pípé. Ohun tó máa sọ bóyá jẹjẹrẹ yóò tìdí rẹ̀ yọ kò sì sí nínú ìwé yẹn rárá. Inú àyẹ̀wò hCG, họ́mónù oyún, tí ẹ fẹ́ pa tì ló wà. Nítorí náà, kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá àyẹ̀wò náà dúró.

Ẹ̀ka kan lára ìdílé ńlá tó ń jẹ́ ẹ́ńsáìmù ni PLAP. Ẹni tó bá ti ra ẹran ògbólógbòó màlúù rí lọ́jà Àtàkúnmọ́sà mọ ohun tí wọ́n ń fi ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ṣe: wọ́n á gé e sínú ìkòkò, ẹran tó yi bí awọ á sì rọ̀ kíákíá. Ohun tó wà nínú oje ìbẹ́pẹ yẹn, tó ń já okùn inú ẹran sí wẹ́wẹ́, ẹ́ńsáìmù ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí nǹkan kan yára ṣẹlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán nídìí iṣẹ́ náà. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ní wọn, àmọ́ ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó jẹ́ tirẹ̀. Ti ibi ọmọ pọ̀ gan-an, torí pé òun ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ti kíndìnrín àti ti ìfun fún ọmọ títí wọ́n á fi bí i. Ọ̀kan tó ń jẹ́ aromatase ń sọ họ́mónù tó ń wá láti ara ọmọ di estrogen, họ́mónù obìnrin. Òmíràn ń pa agbára cortisol ìyá, họ́mónù tí ara ń tú jáde nígbà wàhálà, kó tó kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, torí cortisol tó bá pọ̀ jù kì í jẹ́ kí ọmọ inú dàgbà bó ṣe yẹ. Òmíràn ń gé oxytocin, họ́mónù tó ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀ nígbà ìrọbí. Nínú oyún mólà pípé bíi tiyín, ibi ọmọ ń dàgbà ṣùgbọ́n ọmọ kò sí níbẹ̀. Aromatase rẹ̀ dà bí ọlọ tó wà nílẹ̀ tí kò rí ata lọ̀, ìdí nìyẹn tí estriol, irú estrogen tó nílò ohun tó wá láti ara ọmọ, fi máa ń kéré gan-an lára obìnrin tó ní i.

PLAP ní tirẹ̀, alkaline phosphatase ti ibi ọmọ ni. Ìpele sẹ́ẹ̀lì tó wà lóde ibi ọmọ, tó dojú kọ ẹ̀jẹ̀ ìyá, ló ń pèsè é. Ó yàtọ̀ sáwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ torí pé ooru kì í tètè pa á: tí wọ́n bá gbé omi inú ẹ̀jẹ̀ sínú ooru ìwọ̀n 65 fún ìṣẹ́jú 10, alkaline phosphatase egungun àti ti ẹ̀dọ̀ á ti kú, ti ibi ọmọ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Lára ẹran ara, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà wá a. Wọ́n á rẹ́ ẹran náà pẹlẹbẹ débi pé sísanra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.004 mìlímítà lọ, wọ́n á da èròjà kan sí i tó jẹ́ pé PLAP nìkan ló mọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́, wọ́n á wá fi aró sí i. Ibi tí èròjà náà bá ti lẹ̀ á ní àwọ̀ obì tó gbẹ, ìyókù á ní àwọ̀ búlúù. Tí wọ́n bá rí àwọ̀ obì gbígbẹ yẹn, wọ́n á kọ “positive”. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n rí PLAP nínú ẹran ibi ọmọ dà bí kí èèyàn gbóòórùn irú nínú apẹ̀rẹ̀ oníirú. Ibi ọmọ tí wọ́n bí ọmọ tó yè kooro pẹ̀lú rẹ̀ ní in, oyún mólà ní in, choriocarcinoma tó jẹ́ jẹjẹrẹ ibi ọmọ náà lè ní in níbì kan kó má ní in níbòmíràn. PLAP nìkan kò lè ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀.

Àǹtí yín kò purọ́ o. Lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ PLAP àti jẹjẹrẹ jọ ń rìn. Ní 1968, William Fishman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ nípa aláìsàn kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí alkaline phosphatase bíi ti ibi ọmọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá PLAP fún irú jẹjẹrẹ kan tó máa ń mú kóró ẹpọ̀n ọkùnrin àti èyí tó jọ ọ́ nínú ilé ẹyin obìnrin. Ohun tó ń mú ìfura wá nínú gbogbo ìwọ̀nyí ni pé PLAP yọjú níbi tí kò sí ibi ọmọ. Tiyín yọjú nínú ilé ọmọ ẹni tó lóyún, ilé rẹ̀ gan-an ló ti yọjú. Kódà, ó lè ga díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń mu sìgá láìsí jẹjẹrẹ kankan.

Ti ALP inú ẹ̀jẹ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. ALP tí lábù ń kọ sínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ ti ẹ̀dọ̀, ti egungun, ti ìfun àti ti ibi ọmọ. Ní ìparí oyún, ti ibi ọmọ máa ń gbé àpapọ̀ náà sókè, nígbà mìíràn dé ìlọ́po méjì, kò sì túmọ̀ sí pé ẹ̀dọ̀ ń ṣàìsàn. Á padà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Ṣùgbọ́n oyún oṣù mẹ́ta kò tíì tó èyí tó ń gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo GGT yín, ẹ́ńsáìmù mìíràn tí lábù ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀. Egungun àti ibi ọmọ kì í gbé GGT sókè, ẹ̀dọ̀ ló ń gbé e. Tí GGT bá wà níwọ̀n tó yẹ, ẹ̀dọ̀ kọ́ ló fà á. Tí òun náà bá ga, ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò fún dókítà, kí ẹ má yọ àgbo sílẹ̀, kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò sí ìdí kankan láti máa sanwó PLAP inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí p57, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n ìwé èsì yẹn wà. p57 kì í ṣe ẹ́ńsáìmù. Ìjánu ni, pùrótéènì tó ń fa àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń ti sẹ́ẹ̀lì láti pín sí méjì sẹ́yìn. Ohun àrà tó wà nídìí rẹ̀ ni pé jíìnì tó ń pèsè é wà ní ẹ̀dà méjì, ti bàbá àti ti ìyá, àmọ́ ti ìyá nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ti bàbá dákẹ́. Nínú oyún mólà pípé, ẹyin tí àtọ̀ wọ̀ ti pàdánù gbogbo krómósómù, ìyẹn àwọn okùn tó gbé jíìnì, tó yẹ kó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, àtọ̀ kan ṣoṣo ló wọlé, ó wá sọ tirẹ̀ di ìlọ́po méjì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àtọ̀ méjì ló wọlé. Krómósómù 46 pé, àmọ́ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti bàbá. Níwọ̀n ìgbà tí ti ìyá kò sí, kò sí ẹni tí yóò pèsè p57, ìjánu já, ibi ọmọ sì ń dàgbà láìsí ọmọ, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ á wú, omi á kún inú wọn, wọ́n á ṣù jọ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ létí odò. Nínú oyún mólà aláàbọ̀, ẹyin ìyá pé, àtọ̀ méjì ló bá a, krómósómù wá di 69. Torí pé ti ìyá wà níbẹ̀, p57 á jẹ́ positive. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí ewu àwọn méjèèjì kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ní oṣù méjì sí mẹ́ta, ojú lásán àti máíkírósíkóòpù nìkan lè ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

“Negative” yìí náà ní bó ṣe ń tanni. Aró lè má mú rárá nítorí pé ẹran náà ti bàjẹ́ tàbí pé èròjà ti ṣá, wọ́n á sì kọ negative. Ohun tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ àṣìṣe yẹn wà lórí gíláàsì kan náà: lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀ka ibi ọmọ tó wú náà, awọ inú ilé ọmọ tiyín máa ń bá wọn jáde, jíìnì ìyá sì wà nínú tirẹ̀. Awọ yẹn gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ obì gbígbẹ nígbà tí ẹ̀ka ibi ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní búlúù. Tí awọ ilé ọmọ náà bá jẹ́ búlúù, àyẹ̀wò ló kùnà, kò tíì sọ nǹkan kan nípa oyún. Ẹ bẹ dókítà yín pé kó wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ sínú èsì pé ohun ìdíwọ̀n inú ẹran náà, tí wọ́n ń pè ní internal control, jẹ́ positive. Tí wọn kò bá kọ ọ́, kó pè wọ́n kó béèrè. Ẹran tí wọ́n yẹ̀ wò ṣì wà lọ́dọ̀ wọn nínú ìda, nínú kóró kékeré kan tó dà bí ṣúgà onígun mẹ́rin. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún un kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí lábù mìíràn. Ìda yẹn ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe gíláàsì nìkan, torí láti inú ìda ni wọ́n ti lè rẹ́ òmíràn.

Ibi tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́ kì í ṣe inú lábù, ojú ọ̀nà ni. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé àwọn ẹbí ló máa ń gbé e lọ lọ́pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, ó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fọ́málínì ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbé e sí, fọ́málínì náà sì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Ike ẹlẹ́nu gbòòrò ni kí wọ́n lò, kí wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí sára ike fúnra rẹ̀, kì í ṣe sórí ìdérí. Omi lásán, omi iyọ̀ àti sípíríìtì kò ṣeé fi rọ́pò rẹ̀. Ẹran tó bá sùn mọ́jú nínú ọ̀rá láìsí fọ́málínì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀, torí àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ kò mọ̀ pé oyún ti jáde; wọ́n á máa ṣiṣẹ́ lọ, p57 àti àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ wá á sì pòórá. Tí ọkọ yín bá gbé e dé lábù lọ́jọ́ kan náà nínú fọ́málínì, ọkàn yín lè balẹ̀ lórí èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ọkọ yín níhìn-ín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìgbà tí àtọ̀ pàdé ẹyin, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé oyún wà, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe sí ibi ọmọ lẹ́yìn tó jáde kò lè dá a sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ, iṣẹ́ líle tàbí ìbálòpọ̀ kò fà á. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ pé krómósómù bàbá nìkan ló wà níbẹ̀ kó wá yí ẹ̀bi náà sórí ọkọ yín: ẹyin ló sọ tirẹ̀ nù, àtọ̀ ló di ìlọ́po, kò sí èyí tí ẹ̀yin méjèèjì lè rí tàbí dí lọ́nà. Ó máa ń pọ̀ díẹ̀ lára ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 16 àti obìnrin tó ti lé ní 40. Tó bá jẹ́ pé sísin náà ló ń dun màmá, lábù kì í lo gbogbo ẹran. Ẹ lè béèrè fún ìyókù kí wọ́n tó dà á nù. Fọ́málínì jẹ́ májèlé, torí náà kí wọ́n sin ín jinlẹ̀, kó jìnnà sí kànga.

Wàyí o, ṣé jẹjẹrẹ ni? Oyún mólà kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nínú 100 obìnrin tó ní èyí tó pé, nǹkan bíi 80 sí 85 ni kò ní nílò ju fífà á jáde lọ. Lára 15 sí 20 tó kù, díẹ̀ lára ẹran náà á máa gbé nínú ilé ọmọ, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Fún èyí tó jẹ́ aláàbọ̀, wọn kì í pé 5 nínú 100. Ìdí tó fi lè rí bẹ́ẹ̀ tún gbé wa padà sọ́dọ̀ ìbẹ́pẹ. Kí ibi ọmọ tó lè rí ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ, ó gbọ́dọ̀ wọ inú ẹran ilé ọmọ lọ. Ẹ́ńsáìmù MMP-2 àti MMP-9 ló ń lànà fún un, wọ́n ń já okùn tó so ẹran ìyá pọ̀. Nínú oyún tó lọ dáadáa, àwọn pùrótéènì mìíràn á mú wọn dúró nígbà tí wọ́n bá wọlé débi tó tó. Nínú choriocarcinoma, àwọn tó ń já okùn pọ̀, àwọn tó ń dá wọn dúró kò tó, sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ á wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, á sì gba ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ́ńsáìmù telomerase náà, tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì máa pín láìgbó, máa ń ṣiṣẹ́ gidi nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú gan-an láti máa wọn àwọn ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí nínú ẹran oyún mólà, kí wọ́n lè mọ èyí tó máa yíwọ́ ṣáájú. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ṣeé gbára lé débi tí dókítà á fi sọ fún obìnrin kan pé kó máa lọ sílé, kó má padà wá mọ́. Ẹran méjì lè jọra wẹ́kú lójú máíkírósíkóòpù, kí ọ̀kan parí síbẹ̀ kí èkejì tún hù.

Ohun tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni hCG, họ́mónù tí ibi ọmọ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí kì í sábà sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò lóyún. Níwọ̀n ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ bá ṣì wà lára, á máa tú u jáde. Ara tó yá àti ẹ̀jẹ̀ tó dá kò sọ pé wọ́n ti lọ. Obìnrin lè máa ṣòwò rẹ̀ lọ́jà kí hCG rẹ̀ sì máa gòkè. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wò ó títí yóò fi wá sí ìsàlẹ̀ 5, kó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra. Lẹ́yìn náà, lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà. Àwọn ìlànà tuntun kan fàyè gba oṣù mẹ́ta, dókítà yín ló máa sọ èyí tí wọ́n ń lò. Iye ọjọ́ kan ṣoṣo kò já mọ́ nǹkan kan, bó ṣe ń rìn là ń wò. Ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́: 84,000, ó di 19,000, ó di 4,600, ó di 1,100, ìrìn rere nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ 1,100, 1,060, 1,120, 1,080 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti dúró sójú kan, ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni tó bá ń gòkè ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní ìgbà mẹ́ta tí wọ́n wò ó tẹ̀ léra.

Lábù kan náà ni kí ẹ máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ẹ̀rọ kan àti òmíràn kì í ka iye kan náà. Èyí tó ń kọ iye ni kí ẹ béèrè, tí wọ́n ń pè ní quantitative. Ẹ má fi èyí tí à ń tì bọ ìtọ̀ rọ́pò rẹ̀: kì í sọ iye, àti pé tí hCG bá pọ̀ rẹpẹtẹ bó ṣe máa ń rí nínú oyún mólà, ó lè borí èròjà inú rẹ̀ kó sọ pé kò sí oyún, àfi tí wọ́n bá fi omi la ìtọ̀ náà. Ibi tó ti wúlò ni ìgbà tí iye inú ẹ̀jẹ̀ bá kéré, bíi 20 tàbí 40, tó sì kọ̀ tí kò lọ. Nígbà mìíràn, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń tan ẹ̀rọ lábù jẹ. Ohun náà kì í wọ inú ìtọ̀. Tí ti ìtọ̀ bá sọ pé kò sí, kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa kí wọ́n tó gún obìnrin ní kẹ́mò láìnídìí.

Lórí owó, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ bẹ dókítà pé kí wọ́n yọ síkáànì tí kò pọn dandan, PLAP àti ALP (àfi tí GGT bá ga) kúrò, kí owó lọ sórí hCG. Tí ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bá kọjá agbára yín, ẹ jọ sọ ọ́ kó di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó dára ju kí ẹ dúró lọ fíìfíì. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, iye àti orúkọ lábù sínú rẹ̀. Wesley Guild tó wà ní Iléṣà àti ilé ìwòsàn ńlá ti Ifẹ̀, abẹ́ àkóso ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kan náà ni wọ́n wà, nítorí náà tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí Ifẹ̀, ìrìn tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ ni.

Kẹ́mò tí àǹtí yín ní kí ẹ lọ gbà, kò tíì kàn yín. Tó bá wá kàn yín, ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dáyà fò yín. Jẹjẹrẹ yìí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi oògùn nìkan wò sàn: ní 1956 ni Min Chiu Li àti Roy Hertz ní Amẹ́ríkà kọ nípa àwọn obìnrin tí methotrexate wò. Oògùn yẹn ń dí ẹ́ńsáìmù kan lọ́wọ́, dihydrofolate reductase, tí sẹ́ẹ̀lì nílò láti lo folate, irú fítámì kan, kó tó lè pín. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kíákíá jù ló máa kọ́kọ́ kú. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà lò ó ni abẹ́rẹ́ 50 mg lọ́jọ́ kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje, kí wọ́n lo folinic acid 15 mg lọ́jọ́ kejì abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan láti dáàbò bo ara, kí wọ́n tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí hCG á fi wálẹ̀, kí wọ́n sì fi ìpele mẹ́ta lé e. Wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ṣáájú ìpele kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ewu wọn kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ń sàn, ilé ọmọ wọn á sì wà níbẹ̀. Ibi tí wàhálà ti máa ń wọlé ni kẹ́míìsì. Septrin àti Fansidar tí àwọn èèyàn ń rà bíi súìtì, ẹ́ńsáìmù kan náà ni wọ́n ń dí. Tí wọ́n bá bá methotrexate pàdé, ẹ̀jẹ̀ ara lè gbẹ, ẹnu á sì di egbò. Ibuprofen, diclofenac àti aspirin ń jẹ́ kí oògùn náà pẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Folic acid àti àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní in nínú lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbo náà á di ẹrù lé ẹ̀dọ̀ lórí.

Àwọn nǹkan kan wà tí hCG kì í sọ dáadáa. Irú kókó kan tó ń hù láti ojú ibi tí ibi ọmọ lẹ̀ mọ́, ó ṣọ̀wọ́n, kì í pèsè hCG púpọ̀, ó sì lè yọjú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Nítorí náà, láìka iye tó wà nínú ìwé yín sí, tí ẹ̀jẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá láìbófin mu, tí ẹ bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tí mímí ń ni yín lára, tí orí fífọ́ kan kò lọ tàbí tí gìrì bá gbé yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá rí kókó aláwọ̀ pupa sí dúdú lójú ara, kí ẹnikẹ́ni má gé e wò, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ dá.

Ti oyún mìíràn: ẹ dúró títí wọ́n á fi parí àyẹ̀wò hCG, torí oyún tuntun á gbé hCG sókè, kò sì sí ẹni tí yóò lè mọ̀ bóyá ọmọ ni tàbí mólà ló tún hù. Tó bá jẹ́ pé ẹ gba kẹ́mò, ọdún kan gbáko lẹ́yìn tó parí ni. Kóńdọ́ọ̀mù, oògùn oníhóró àti abẹ́rẹ́ fètò-sọ́mọ-bíbí kò ní ìpalára. Èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ni kí ẹ má lò títí hCG á fi wálẹ̀. Ó tó 98 nínú 100 obìnrin tí irú rẹ̀ kì í tún ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí oyún náà bá dé, ẹ ṣe síkáànì láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 10, ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún oyún, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tún wo hCG yín lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ bá bímọ.